Ẹ Wò Ó Kí Ẹ Tó Dá a Lẹ́jọ́: Bí Ẹgbẹ́ Kékeré Ṣe Lè Kẹ́kọ̀ọ́ Sinimá Queer ní Pálọ̀

Fídíò òde ni iṣẹ́ mi, ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí. Ìgbéyàwó, ìsìnkú àgbà, ìkómọjáde: wọ́n á pè mí, màá yà á, màá gé e, màá tò ó. Prójẹ́kítọ̀ tí mo fi ń ṣàfihàn fọ́tò olóògbé níbi òkú àgbà, òun náà ni mo ń gbé sí pálọ̀ ní Sátidé tí èmi àti àwọn èèyàn díẹ̀ bá jókòó wo fíìmù, tí a sì jọ sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀ títí ilẹ̀ á fi fẹ́ ṣú. Oríṣiríṣi fíìmù là ń wò. Èyí tí àwọn èèyàn máa ń bi mí nípa rẹ̀ jù ni àwọn tó ń sọ ìtàn ọkùnrin tó nífẹ̀ẹ́ ọkùnrin, obìnrin tó nífẹ̀ẹ́ obìnrin, àti ẹni tí gbogbo ilé ń pè ní ọkùnrin tó sì mọ̀ nínú ara rẹ̀ pé obìnrin ni òun. Queer cinema ni wọ́n ń pè é ní yunifásítì. Mo kọ èyí fún ẹni tó bá fẹ́ dá irú ìjókòó bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ ní ìlú bíi tiwa, níbi tí gbogbo èèyàn ti mọ ilé bàbá ẹni.

Ọ̀rọ̀ àwọn èèyàn yìí kò wọ́n lẹ́nu wa. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, ní mọ́ṣáláṣí, lórí rédíò, nínú ọkọ̀ Ìlọrin, kò sẹ́ni tí kò ní nǹkan sọ. Jíjókòó tì wọ́n láì já lu ọ̀rọ̀ wọn ló ṣọ̀wọ́n. Fíìmù gidi máa ń fún èèyàn ní irú ìjókòó yẹn fún wákàtí kan àbọ̀ tàbí méjì. Ohun tí mo sì gbà gbọ́ ju gbogbo ẹ̀ lọ, tí màá máa padà sí nínú ìwé yìí, ni pé kí ẹgbẹ́ kọ́kọ́ ròyìn ohun tó rí àti ohun tó gbọ́, kí ó tó sọ ohun tó rò. Bí ẹ bá lè ṣe ìyẹn nìkan, ẹ ti ń kẹ́kọ̀ọ́.

Àwọn tó máa jókòó

Èèyàn mẹ́fà sí mẹ́jọ ti tó. Bí wọ́n bá lé ní mẹ́wàá, àwọn tí ohùn wọn ròkè ni yóò máa sọ̀rọ̀, àwọn yòókù á kàn máa mi orí. Kí gbogbo wọn ti pé ọdún 18, kò sí àfojúfò níbẹ̀. Má sì kó gbogbo wọn láti ojú kan náà. Bó bá jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì LAUTECH láti àdúgbò Under G nìkan ló wá, ohun kan náà ni wọn yóò máa sọ fún ara wọn. Ní tiwa, nọ́ọ̀sì wà níbẹ̀, télọ̀ wà níbẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ wà níbẹ̀, bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ wà níbẹ̀, ìyá kan tó ń ta aṣọ òkè nítòsí Takie náà sì wà níbẹ̀. Ìyá Aláṣọ là ń pè é. Kò ka ìwé púpọ̀, ojú rẹ̀ sì mú ju ti gbogbo wa lọ, nítorí pé láti kékeré ló ti ń wo aṣọ kó tó rà á.

Pe èèyàn lọ́kọ̀ọ̀kan, kí o sì sọ ohun tí ẹ fẹ́ wò fún un ní kedere. Bí èmi ṣe ń sọ ọ́ nìyí: "Mà, fíìmù tí a fẹ́ wò ní Sátidé, àwọn ọmọbìnrin méjì tó fẹ́ràn ara wọn ló dá lé. A fẹ́ wo bí wọ́n ṣe ṣe é, ká sì sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀. Ṣé ẹ máa lè wá?" Ẹni tó bá ní rárá, dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, má bi í nídìí. Má ṣe fi fíìmù ba de ẹnikẹ́ni. Ẹni tí a fi ọgbọ́n mú jókòó kò ní wo nǹkan kan, ọ̀nà àbájáde ni yóò máa wá.

Ọ̀rọ̀ òfin, àti ààbò gbogbo yín

Ẹ má fo ibí yìí. Òfin tí Ààrẹ Goodluck Jonathan fọwọ́ sí ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2014 fi ẹ̀wọ̀n ọdún 14 lélẹ̀ fún ọkùnrin méjì tàbí obìnrin méjì tó bá ṣe ìgbéyàwó. Ó tún fi ọdún 10 lélẹ̀ fún ẹni tó bá forúkọ ẹgbẹ́ irú àwọn èèyàn bẹ́ẹ̀ sílẹ̀, tó bá ń darí rẹ̀, tó bá ń kópa nínú rẹ̀, tó bá ń tì í lẹ́yìn, tàbí tó bá fi irú ìfẹ́ bẹ́ẹ̀ hàn ní gbangba. Òfin náà kò dárúkọ fíìmù wíwò. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ gbòòrò, ẹni tó bá sì fẹ́ fi halẹ̀ mọ́ èèyàn kò ní dúró ka gbogbo rẹ̀. Nítorí náà, bí ẹ bá ní lọ́yà tí ẹ fọkàn tán, ẹ bá a sọ̀rọ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Kí ìjókòó yín jẹ́ ohun tó jẹ́ gan-an: àwọn èèyàn tó ń kọ́ nípa fíìmù, tí fíìmù yìí sì wà lára ohun tí wọ́n ń wò. Inú ilé ni kí ó wà, láàárín àwọn tí ẹ mọ̀.

Ẹ má ṣe kọ orúkọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀. Ẹ má gba owó ẹgbẹ́, ẹ má dá gúrúùpù WhatsApp sílẹ̀ fún un; àtẹ̀jíṣẹ́ tó sọ ọjọ́ àti aago ti tó. Ní ilé mi, bí èèyàn bá ti wọlé, yóò pa fóònù rẹ̀, yóò fi sínú apẹ̀rẹ̀ kan lórí fìríìjì ní kíṣìnnì, títí kan tèmi. Kò sí fọ́tò. Kò sí "ẹ jẹ́ n gbé e sí status díẹ̀". Iṣẹ́ fọ́tò ni mo ń jẹ, ìdí nìyẹn tí mo fi mọ bí àwòrán kan ṣe ń rìn jìnnà sí ẹni tó yà á.

Èyí tó wà lókè gbogbo rẹ̀: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ bi ẹnikẹ́ni pé "ìwọ náà ńkọ́?" Ìgbésí ayé ẹni tó wà lójú àwòrán la wá sọ̀rọ̀ lé lórí, a fi ẹni tó wà lórí àga sílẹ̀. Bó bá wu èèyàn láti sọ tara rẹ̀, etí wa á gbọ́, ẹnu wa kò sì ní gbé e jáde. Bí kò bá wù ú, kí ẹnikẹ́ni má wo ojú rẹ̀ mọ́ nǹkan. Ẹ̀yin náà mọ ohun tí àwọn ọ̀dọ́ ń pè ní kito: wọ́n á fi ìfẹ́ tan èèyàn lórí fóònù, wọ́n á mú un dé ibì kan, wọ́n á lù ú, wọ́n á gba owó rẹ̀, wọ́n á ní bó bá pariwo àwọn á sọ fún àwọn ẹbí rẹ̀. Ìfura kékeré tí èèyàn gbé jáde láti pálọ̀ rẹ lè di ohun tí wọ́n fi mú ẹnì kan.

Irinṣẹ́

Èyí kò pọ̀. Bí ẹ ò bá ní prójẹ́kítọ̀, tẹlifíṣọ̀n ńlá ṣe é lò. Bẹ́ẹ̀dìṣíìtì funfun tí ẹ lọ̀, tí ẹ sì fà le dáadáa, dára ju ògiri tí wọ́n fi ọ̀dà ìpara kùn lọ. Ẹ ra spíkà kékeré kan, nítorí ohùn inú làptọ́ọ̀pù kì í dé ẹ̀yìn. Ẹ ti wá fíìmù náà sílẹ̀ láti alẹ́, nígbà tí dátà ò wọ́n, kí ẹ sì wò ó tán fúnra yín kí ẹnikẹ́ni tó dé. Bí iná bá lọ, ínfátà ló dáa jù; bó bá sì jẹ́ jẹnẹrétọ̀ lẹ ní, ẹ gbé e lọ sí ẹ̀yìnkùlé pátápátá. Mo fẹ́ràn láti fi fíìmù àtijọ́ tí kò lóhùn sí ọjọ́ tí jẹnẹrétọ̀ máa ṣiṣẹ́.

Ẹ má ra àdàkọ olè. Gbogbo wa la mọ ohun tí àwọn olè fíìmù fojú Moses Olaiya, Baba Sala wa, rí lórí fíìmù Orun Mooru tó ṣe ní 1982. Fíìmù tí ẹ sanwó rẹ̀ láti wò nílé, ilé ló wà fún. Ọjọ́ tó bá wù yín láti gba gbọ̀ngàn, ẹ gbọdọ̀ kọ̀wé sí ẹni tó ni fíìmù náà, ẹ sì gbọdọ̀ bá àjọ tó ń yẹ fíìmù wò sọ̀rọ̀. Ní ti irú fíìmù yìí, ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ fi mọ sí pálọ̀.

Fíìmù wo lẹ máa kọ́kọ́ wò?

Ìjókòó àkọ́kọ́, ẹ wo fíìmù Yorùbá kan tí gbogbo yín ti wò rí. Ìdí ni pé ẹ fẹ́ kọ́ bí a ṣe ń wo nǹkan kí ọ̀rọ̀ tó le tó dé. Ẹ dá a dúró níbi kan, ẹ béèrè: ibo ni kámẹ́rà dúró sí? Ta ló sún mọ́, ta ló jìnnà sí? Níbi iṣẹ́ òde tí mò ń ṣe, ẹni tí kámẹ́rà kò bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, lọ́dún mẹ́wàá sí i ẹbí á máa jiyàn bóyá ó tilẹ̀ wá. Ẹni tó bá di kámẹ́rà mú ló ń pinnu ẹni tí a máa rántí. Nígbà tí èyí bá ti yé ẹgbẹ́ yín, ẹ ti ṣe tán.

Lẹ́yìn náà, ẹ lọ sí ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀. Ní 1919, ní Jámánì, Richard Oswald ṣe Anders als die Andern. Conrad Veidt ṣe olórin tó ń ta fayolíìnì, tó fẹ́ràn ọkùnrin, tí ọ̀daràn kan wá ń gba owó lọ́wọ́ rẹ̀ pé bí kò bá san, òun á tú àṣírí rẹ̀. Dókítà gidi kan, Magnus Hirschfeld, wà nínú fíìmù náà fúnra rẹ̀, ó sì ń ṣàlàyé fún àwọn òǹwòran pé òfin ìlú wọn tó ka ìbálòpọ̀ láàárín ọkùnrin méjì sí ìwà ọ̀daràn, tí wọ́n ń pè ní Paragraph 175, ló ń fún irú ọ̀daràn bẹ́ẹ̀ lágbára. Ìjọba fòfin de fíìmù náà lẹ́yìn ọdún kan, nígbà tí àwọn Nazi, ẹgbẹ́ Hitler, sì dé, wọ́n ba èyí tí wọ́n rí jẹ́. Apá kan péré ló ṣẹ́ kù lónìí. Kò lóhùn, kò gùn, ó sì bá wa mu lọ́nà tó máa ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu.

Ẹ fi Victim tẹ̀ lé e, tí wọ́n ṣe ní ìlú Òyìnbó ní 1961. Basil Dearden ló darí rẹ̀, Dirk Bogarde ló ṣe lọ́yà ńlá inú rẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan jí owó ọ̀gá rẹ̀ torí kó lè rí san fún àwọn tó ń halẹ̀ mọ́ ọn, ọlọ́pàá mú un, ó sì pa ara rẹ̀ sí àtìmọ́lé. Lọ́yà yìí gbọdọ̀ wá yàn: kí ó dákẹ́ kí iṣẹ́ rẹ̀ má bàjẹ́, tàbí kí ó jáde sọ̀rọ̀. Ní 1967 ni England àti Wales yí òfin tiwọn tó ka ìbálòpọ̀ ọkùnrin méjì sí ìwà ọ̀daràn padà fún ọkùnrin tó ti dàgbà, nínú ilé tiwọn. Irú òfin kan náà wọ ilẹ̀ wa pẹ̀lú ìjọba amúnisìn, ó sì wà nínú ìwé òfin ọ̀daràn wa títí dòní. Bàbá olùkọ́ tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, ẹni tí kò gbà rárá pé ìfẹ́ bẹ́ẹ̀ tọ́, ló sọ níbẹ̀ pé, "Olè ni òfin yìí ń bọ́." A kò gbọ́ nǹkan míì lẹ́nu rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Mo sọ èyí kí ẹ lè mọ̀ pé kò pọn dandan kí gbogbo èèyàn gbà kí ẹ̀kọ́ tó wáyé.

Ẹ̀yìn ìyẹn ni kí ẹ wá wọ Áfíríkà. Dakan, tí Mohamed Camara láti Guinea ṣe ní 1997, ni àwọn onímọ̀ máa ń tọ́ka sí gẹ́gẹ́ bí fíìmù ńlá àkọ́kọ́ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tó gbé ìfẹ́ ọkùnrin méjì sójú àwòrán. Camara fúnra rẹ̀ ló ṣe bàbá ọ̀kan nínú wọn. Ẹ wo bí àwọn òbí ṣe ń tiraka nínú rẹ̀, ìyá tó ń gbé ọmọ lọ sọ́dọ̀ oníṣègùn, bàbá tó ń ro òwò tí ọmọ máa jogún. Ìwọ̀nyí jọ ìyá àti bàbá tí a mọ̀. Rafiki ti Wanuri Kahiu láti Kẹ́ńyà jáde ní 2018. Ọmọ olóṣèlú méjì tó ń bá ara wọn du ipò ni àwọn ọmọbìnrin méjì tó fẹ́ràn ara wọn nínú rẹ̀. Ìjọba ibẹ̀ fòfin dè é. Ilé ẹjọ́ gíga dá òfin náà dúró fún ọjọ́ méje péré ní oṣù kẹsàn-án ọdún yẹn, àwọn èèyàn sì tò síta láti lọ wò ó.

Ní ti Nàìjíríà, ẹ ṣe méjì. Ìfé tí Uyaiedu Ikpe-Etim darí ní 2020 kò gùn, obìnrin méjì ló wà nínú rẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Àjọ tó ń yẹ fíìmù wò kìlọ̀ pé wọ́n lè fi àwọn tó ṣe é jófin. All the Colours of the World Are Between Black and White ti Babatunde Apalowo gba ẹ̀bùn Teddy, tí wọ́n ń fún fíìmù queer, níbi àjọ̀dún fíìmù Berlin ní 2023. Èkó ló ti ṣẹlẹ̀. Ọlọ́kadà tó ń fi ẹrù jíṣẹ́ ni Bambino, Tope Tedela ló ṣe é. Bawa, ọkùnrin tí ọkàn rẹ̀ fà sí, fẹ́ràn láti máa ya fọ́tò. Ẹni tó bá ti ń ṣe iṣẹ́ kámẹ́rà yóò jókòó gbọin níwájú fíìmù yìí. Kámẹ́rà kì í sáré. Ó máa dúró lójú kan, ẹnu ọ̀nà àti ògiri á há àwọn èèyàn mọ́, ìwọ tí o ń wò ó á fẹ́ sún ògiri náà kúrò.

Bí ìrọ̀lẹ́ náà ṣe ń lọ

Aago mẹ́rin ni kí ẹ bẹ̀rẹ̀, kí ẹni tó máa wọ ọ̀kadà lè délé kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹ fi Jímọ́ọ̀ àti Sunday sílẹ̀ fún Ọlọ́run. Oúnjẹ, ẹ jẹ ẹ́ kó tó bẹ̀rẹ̀ tàbí lẹ́yìn ọ̀rọ̀. Kò sẹ́ni tó lè máa gé àmàlà kó tún máa ka ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ àwòrán.

Ní ti ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ yẹn, má ṣe rò pé gbogbo èèyàn ló lè kà á bó ṣe ń sáré. Kí ẹni kan ti wo fíìmù náà ṣáájú, kí ó kọ àwọn ọ̀rọ̀ tó ṣe kókó sí Yorùbá lórí bébà, kí ó jókòó ti àwọn tó nílò rẹ̀, kí ó máa sọ ọ́ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ṣe èyí fún wa jẹ́ ẹni tó máa ń dákẹ́ tẹ́lẹ̀. Láti ìgbà tó ti di ògbufọ̀, òun ló ń rí ohun tí kálukú fò kọjá.

Àwa Yorùbá kì í dákẹ́ níwájú àwòrán, ẹ má sì gbìyànjú láti pa wá lẹ́nu mọ́. Láti ayé Ogunde ni òǹwòran ti ń kìlọ̀ fún ẹni tó wà lójú agbo pé "wo ẹ̀yìn rẹ!" Ẹ jẹ́ kí wọ́n ké. Ìgbà tí wọ́n bá ké ni kí ẹni tó ń darí sàmì sí nínú ìwé rẹ̀, torí ibẹ̀ gan-an lẹ máa padà sí.

Bí fíìmù bá parí, ẹ má ṣe béèrè pé "báwo lẹ ṣe rí i sí?" Ìbéèrè yẹn ló ń pe ìwàásù wá. Ẹ mú ibì kan ṣoṣo nínú fíìmù náà, ìṣẹ́jú mẹ́ta tàbí mẹ́rin, kí ẹ tún un fi hàn. Kí ẹ wá lọ yíká, láti orí ẹni tó kéré jù lọ́jọ́ orí, kí kálukú sọ nǹkan kan tó rí tàbí tó gbọ́. Nǹkan kan péré. Àgbà ni kó kẹ́yìn, bó ṣe rí nínú ìpàdé ẹbí. Bí àgbà bá kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ọmọdé kankan ò ní sọ ohun tó yàtọ̀ sí tirẹ̀ mọ́.

Ẹ jẹ́ n fi ọ̀kan hàn yín. Moonlight ni fíìmù náà, ti Barry Jenkins, 2016, tó gba ẹ̀bùn Oscar fún fíìmù tó dára jù lọ. Ọmọdékùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Little jókòó sídìí tábìlì oúnjẹ nílé Juan, ọkùnrin tó ń ta oògùn olóró, tó sì di bíi bàbá fún un. Teresa, ọ̀rẹ́bìnrin Juan, wà níbẹ̀. Ọmọ náà béèrè ìtumọ̀ èébú tí àwọn ọmọ yòókù ń bú u. Juan ní ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń mú kí ọkùnrin tó fẹ́ràn ọkùnrin máa tijú ara rẹ̀ ni. Ọmọ náà béèrè bóyá òun ni ohun tí wọ́n ń pe òun yẹn. Juan ní rárá. Ó lè jẹ́ ẹni tó fẹ́ràn ọkùnrin, ṣùgbọ́n kí ó má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi èébú yẹn pè é. Ọmọ náà dákẹ́ díẹ̀. Ó wá béèrè bóyá Juan ń ta oògùn. Juan ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó béèrè bóyá ìyá òun ń lò ó. Juan ní bẹ́ẹ̀ ni. Ọmọ náà dìde, ó jáde. Juan sorí kọ́.

Nígbà tí a tún un wò, akẹ́kọ̀ọ́ wa sọ pé ọmọ náà kò jẹun. Télọ̀ ní kò sẹ́ni tó pariwo, àtìbẹ̀rẹ̀ dópin. Nọ́ọ̀sì ní Teresa ń wo Juan, pé bí ẹni tó ń bẹ̀ ẹ́ kó ṣọ́ra bá ọmọ sọ̀rọ̀ ló ṣe rí lójú òun. Ó kan Ìyá Aláṣọ. Ó ní, "Ìbéèrè tó le méjì ni ọmọ yẹn bi í. Ó mọ èsì tọ́mọ ń fẹ́ fún ọ̀kan. Èkejì ló pa á." A dákẹ́ díẹ̀. Bàbá olùkọ́ wá béèrè pé kí a tún un fi hàn lẹ́ẹ̀kan sí i. Bí ẹgbẹ́ bá ti fúnra rẹ̀ béèrè pé ká tún wò, ẹni tó ń darí lè jókòó kó sinmi.

Ọ̀nà mẹ́ta ni Moonlight pín sí, èèyàn mẹ́ta ló sì ṣe ọmọ yẹn: ní kékeré, ní ọ̀dọ́, ní àgbà. Jenkins kò jẹ́ kí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pàdé nígbà tí wọ́n ń yà á. Ẹ fún ẹgbẹ́ yín ní iṣẹ́ yìí: kí ni wọ́n fi mọ̀ pé ẹni kan náà ni? Kí wọ́n wá a nínú ojú, nínú bó ṣe ń jókòó, nínú bó ṣe ń pẹ́ kó tó dáhùn.

Bí ọ̀rọ̀ bá gbóná

Yóò gbóná. Ẹnì kan á ké "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́!" Ẹ má bá a jà, ẹ má rẹ́rìn-ín. Bi í jẹ́jẹ́: "Ibo gan-an nínú àwòrán ló mú yín sọ bẹ́ẹ̀, sà?" Nígbà míì á tọ́ka sí i, ẹ ó sì rí i pé ìyà tó jẹ ẹnì kan níbẹ̀ ló bà á lẹ́rù. Bó bá fẹ́ ka Bíbélì tàbí Kùránì, ẹ fún un ní ìṣẹ́jú díẹ̀ tirẹ̀, ẹ fetí sílẹ̀ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, lẹ́yìn náà ẹ padà sí fíìmù. Ohun kan ni mi ò gbà: kí ẹnikẹ́ni sọ pé ó yẹ kí wọ́n lu irú ẹni bẹ́ẹ̀ tàbí kí wọ́n pa á. Bí mo bá gbọ́ ọ, màá dá fíìmù dúró, màá sọ pé a kì í sọ ìyẹn nínú ilé yìí. Ẹ lè jókòó ti ẹni tó gbà pé ẹ̀ṣẹ̀ ni. Ẹni tó ń wá òkúta kò yẹ ní pálọ̀ yín, torí ẹ ò mọ ẹni tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tó ń gbọ́ ọ, tó sì ń rẹ́rìn-ín pẹ̀lú yín kí ẹ má bàa fura.

Bí ẹnì kan bá ń sunkún, ẹ tan iná, ẹ gbé omi tútù wá. Ẹ má bi í nídìí níwájú èèyàn.

Ẹ wo ìparí

Bí ẹ bá fẹ́ ohun kan tí yóò so gbogbo fíìmù wọ̀nyí pọ̀, ìparí ni kí ẹ máa kọ sílẹ̀. Vito Russo, ará Amẹ́ríkà tó máa ń gbé àwọn àjákù fíìmù kiri tó ń fi wọ́n ṣàlàyé fún àwọn èèyàn, kọ ìwé The Celluloid Closet ní 1981. Ní ẹ̀yìn ìwé náà, ó to orúkọ àwọn ẹ̀dá inú fíìmù tó jẹ́ irú àwọn èèyàn yìí, àti irú ikú tó pa kálukú wọn. Láti 1934 títí di 1961, òfin kan tí àwọn ilé iṣẹ́ fíìmù Amẹ́ríkà fi de ara wọn kò gbà kí wọ́n fi irú ìfẹ́ bẹ́ẹ̀ hàn, nítorí náà wọ́n ń fi pamọ́ sínú ìwò àti àwàdà, tàbí kí wọ́n fi ìyà parí rẹ̀.

Ẹ wá mú ìwé àjákọ kan, ẹ fa ìlà sí i, ẹ ṣe tiwa. Ẹ rántí àwọn fíìmù Nàìjíríà tí ẹ ti wò nílé láti bí ogún ọdún sẹ́yìn, tí irú ẹ̀dá bẹ́ẹ̀ wà nínú wọn. Báwo ni ó ṣe parí fún un? Ṣé ó kú ni? Ṣé ó ya wèrè? Ṣé ẹgbẹ́ òkùnkùn ni wọ́n ní ó sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀? Ṣé pásítọ̀ ló gbà á sílẹ̀ lọ́jọ́ tí fíìmù parí? Ní tiwa, irú ìparí bẹ́ẹ̀ ló yára kún ìwé náà. Lẹ́yìn ìyẹn ni kí ẹ wá wo ìparí Dakan, níbi tí àwọn méjèèjì ti wọ ọkọ̀ lọ, àti ìparí Rafiki. Kahiu sọ ọ́ pé àjọ tó ń yẹ fíìmù wò ní Kẹ́ńyà fẹ́ kí òun yí ìparí náà padà torí ìrètí tó wà níbẹ̀, òun sì kọ̀. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ara yín: kí ló wà nínú ìrètí tó fi ń ba ìjọba lẹ́rù ju ìfẹ́ náà lọ? Ìbéèrè yẹn gbà wá ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ kan, kò sì tíì tán.

Kí ẹ tó tú ká

Ẹ kọ ìbéèrè tó ṣẹ́ kù sílẹ̀, láìsí orúkọ ẹni tó béèrè. Ẹ pa fíìmù rẹ́ kúrò lórí làptọ́ọ̀pù bí kì í bá ṣe tiyín. Kí kálukú mú fóònù rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì tàbí ọjọ́ kẹta, ẹni tó ń darí á ka àwọn ìbéèrè náà, á fi ọ̀kan nínú wọn yan fíìmù tó kàn. Bí àpẹẹrẹ, lẹ́yìn Rafiki, ohun tí Ìyá Aláṣọ ń béèrè ni ìdí tí bàbá ọ̀kan nínú àwọn ọmọbìnrin náà, tí ìbò rẹ̀ fẹ́ bàjẹ́, kò fi yí ẹ̀yìn padà sí ọmọ rẹ̀. Torí náà, fíìmù tí bàbá wà nínú rẹ̀ ni mò ń wá báyìí. Dakan ni màá tún gbé sílẹ̀, ká lè fi bàbá kan wé èkejì.